Ìwé Ẹ̀sùn: Bí Àròyé Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Ṣe Ní Sọnù Sínú Dúrọ́ọ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti jókòó sídìí tábìlì ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí owó oṣù mi ṣì ń ti ibẹ̀ wá. Mọ́mì Kọmpléènì ni àwọn ọmọ ń pè mí. Orúkọ náà kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ní báyìí, ẹni tí kò bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní mọ̀ pé èmi ló ń pè.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán ọmọbìnrin kan sí mi láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sídìí iṣẹ́ yìí ni. Wọ́n fún un ní àga, kọ̀ǹpútà àti kọ́kọ́rọ́, ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọ mótò láti Challenge wá bá mi. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ láìkọ́ ọ níṣẹ́.

Kí ló ń jẹ́ ẹ̀sùn?

Ọmọ kan wọlé, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ìgbà wo ni èsì 200 level máa jáde?” Ìbéèrè nìyẹn. Ẹ dá a lóhùn, kó máa lọ. Ìkejì wọlé: “Mà, èsì ti jáde, tèmi nìkan ni ò sí níbẹ̀.” Ẹ̀sùn dé nìyẹn, ẹ mú bírò. Ìkẹta ní, “Èsì mi wà níbẹ̀ mà, ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n fún mi kò tó ohun tí mo kọ.” Èyí ti di ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìdánwò, ẹ̀yin ò lè yí máàkì ẹnikẹ́ni padà. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ darí rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá lé e padà lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀yin ni wọ́n máa sọ pé ẹ ò dá a lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé kan náà, iye ẹ̀sùn yín á ga bí òkè Màpó, ọ̀gá yín á sì rò pé ilé ń jó.

Àbúrò mi tó ń ti Challenge wá yìí bi mí pé ṣé àròyé oúnjẹ náà yẹ ní kíkọ: ìrẹsì tí kò jinná, ẹran tó kéré. Mo ní kó rìn dé University of Ibadan lọ́jọ́ kan, kó wo orúkọ tó wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀: Kunle Adepeju. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa á níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló bí ìwọ́de yẹn. Kò bi mí mọ́.

Ọjọ́ tó bá dé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́

Ẹ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Agbowó. Kọ̀ǹpútà dáa, mo máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n iná kì í bèèrè bóyá ẹ ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́ kó tó lọ. Inú ìwé ni ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kẹ́ ẹ tó gbé e wọ kọ̀ǹpútà kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ. Mo ti rí i tí ọmọkùnrin kan sọ pé, “Wọ́n jẹ owó mi mọ́lẹ̀,” tí akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kí n tó dé kọ “Fee issue” sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí “Fee issue” túmọ̀ sí. Ọmọ yìí ti san owó ilé-ìwé ní báńkì nípasẹ̀ Remita, ètò ìsanwó orí ayélujára, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n portal, ojú-òpó ayélujára ilé-ìwé, ò gbà pé ó san án, kò sì jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tó sọ lẹ́nu ló sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n kọ lọ. Bó bá sọ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá. Bó bá sọ pidgin, ẹ kọ pidgin. Àkékúrú tiyín lè tẹ̀ lé e nísàlẹ̀.

Ẹ fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: ọdún, lẹ́yìn náà iye tó kàn, bíi 2024/0137. Ẹ má fi nọ́ńbà mátíríìkì ọmọ ṣe nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọmọ kan lè mú ẹ̀sùn mẹ́ta wá ní sáà kan, nọ́ńbà mátíríìkì sì ń tú àṣírí ẹni tó ni í fún gbogbo ẹni tó bá rí bébà náà lórí tábìlì. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn sórí bébà kékeré fún un kó mú lọ. Mo ti rí ọmọ tó tọ́jú bébà yẹn sínú Bíbélì títí tó fi jáde ilé-ìwé.

Ọjọ́ méjì lẹ máa kọ: ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Àárín méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀. Bí gbogbo ẹ̀sùn láti ẹ̀ka kan bá máa ń gba oṣù mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹnì kan ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ níbẹ̀, tàbí kí wọ́n má mọ̀ pé ẹ wà. Ẹ kọ ọ̀nà tó gbà wá pẹ̀lú: ṣé fúnra rẹ̀ ló wá, ṣé í-meèlì ni, ṣé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ lẹ́tà, ṣé WhatsApp HOD (olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́) ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ̀ka SERVICOM ló fi ránṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló dá SERVICOM sílẹ̀ ní 2004 láti máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sì ní ẹ̀ka SERVICOM tiwọn. Ẹ̀sùn kan náà lè gba ọ̀dọ̀ wọn àti ọ̀dọ̀ yín wọlé lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ so wọ́n pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan, kẹ́ ẹ má kà á ní méjì.

Ní ti àpótí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri: nígbà tí mo gba iṣẹ́, a ṣí tiwa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, káfíńtà ló fi òòlù ṣí i. A bá ọ̀rá bisikíìtì níbẹ̀, a bá alángbá kan tó ti gbẹ, a sì bá lẹ́tà mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ọwọ́ ọmọ tó ti parí ìsìnrú ìlú. Bẹ́ ẹ bá ní àpótí, kí ẹni méjì jọ máa ṣí i ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí iye tí wọ́n bá níbẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òdo. Bẹ́ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé ni: “Kí lo fẹ́ ká ṣe?” Ọmọbìnrin kan wá fi ẹ̀sùn kan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá pé sítóòfù ló fi ń dáná láàárín òru. Ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì ti múra láti lé ẹnì kejì jáde. Mo bi ọmọ yìí ní ohun tó ń fẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun tún fèrèsé ṣe ni, kò ṣeé ṣí. Káfíńtà kan náà ló tún un ṣe. Ẹ ṣí òpó kan nínú ìwé yín (ìlà òró, láti òkè dé ìsàlẹ̀) fún ohun tí ọmọ fẹ́, ẹ má jẹ́ kó ṣófo.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ènìyàn lẹ máa kọ síbẹ̀. “HOD” kì í ṣe ènìyàn, “Bursary”, ọ́fíìsì owó, kì í ṣe ènìyàn. HOD á yí padà, ẹni tuntun á sọ pé òun ò mọ̀ sí i, òótọ́ ló sì ń sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi bírò pupa kọ tèmi.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní 2019, mo fẹ́ to orúkọ àwọn ọmọ ní A, B, D lójú-ìwé Excel. Mo yan òpó orúkọ nìkan. Kọ̀ǹpútà bi mí ní ìbéèrè kan pé ṣé kó mú àwọn òpó yòókù mọ́ ọn. Mi ò kà á. Mo tẹ èyí tí ọwọ́ mi bá, mo fi pamọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo lọ wọ mótò lọ sílé ní Orógun. Orúkọ ti tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn, déètì àti ìdáhùn dúró sí ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀sùn igba ó lé mẹ́rìnlá ló ti bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọkùnrin kan kó wá gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ omi ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní, “Mà, láti Apẹ̀tẹ̀ ni mo ti ń wá, mi ò gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí.” Mo pe ìkejì. Ìyẹn ní òun ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni rí láyé òun. Inú mi gbóná. Ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn ló gbà mí, èmi àti akọ̀wé kan la jọ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tò ó padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ fún ọ̀gá mi títí a fi parí. Bóyá ó ti gbọ́ báyìí.

Nítorí náà: bẹ́ ẹ bá ṣí ojú-ìwé náà, ẹ tẹ Ctrl àti T kó di téébù, kí gbogbo òpó tó wà ní ìlà kan lè máa rìn pọ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá tò ó. Kẹ́ ẹ tó lọ sílé lójoojúmọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà kan pẹ̀lú déètì ọjọ́ yẹn lára orúkọ fáìlì, ẹ gbé e síbi tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Fláàṣì tó ń rọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín kọ́ ni mò ń wí o.

Déètì náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lọ́dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹ kọ ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn: 2024-04-03. Nọ́ńbà mátíríìkì tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, Excel á jẹ òdo yẹn, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún òpó náà pé ọ̀rọ̀ ni yóò máa gbà, kì í ṣe iye.

Irú ẹ̀sùn: ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé máa fọwọ́ kọ ọ́. Ẹnì kan á kọ “Hostel”, ẹnì kejì “hostels”, ẹnì kẹta “accommodation”, nígbà tó bá di ìparí sáà, ẹ̀sùn họ́sítẹ́ẹ̀lì ti di irú mẹ́ta. Ẹ lo Data Validation, kó jẹ́ pé wọ́n á máa yàn láti inú àkójọ ni. Tèmi kò ju mẹ́sàn-án lọ: èsì ìdánwò, owó, ìforúkọsílẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìwà olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́, ìwé ẹ̀rí àti transcript, ààbò, ìlera, òmíràn. Bí “òmíràn” bá ti ju ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ, mo máa ń jókòó kà á, irú tuntun kan ti fara pamọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé àwọn ọmọ ń ráhùn lórí rírà ìwé olùkọ́ ní dandan. Ìwà olùkọ́ ni àbí owó? A jà lé e lórí fún odidi ìpàdé kan.

Bí ogójì ọmọ bá fọwọ́ sí lẹ́tà kan nítorí omi, ẹ̀sùn kan ni, olùfisùn ogójì. Ẹ ṣí òpó fún méjèèjì.

“A ti parí rẹ̀”

Gbólóhùn tó léwu jù nínú iṣẹ́ yìí rèé. Ta ló parí rẹ̀? Níbi tí mo wà, ibi mẹ́rin ni ẹ̀sùn lè wà: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó wà lọ́wọ́, a ti fèsì, a ti pa fáìlì dé. Ó yàtọ̀ sí àbọ̀ ìwádìí, tó lè jẹ́ pé ẹ̀sùn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí ọmọ fà á sẹ́yìn. Òpó kẹta wà lọ́tọ̀ tí ó ń béèrè bóyá ọmọ gba èsì náà. A lè pa fáìlì dé kí ọmọ má gba èsì náà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi pamọ́ nítorí kí ìròyìn lè dùn.

Bí ọmọ bá fà á sẹ́yìn, ẹ kọ ìdí. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀sùn mẹ́rin tí wọ́n fà sẹ́yìn jọ kan olùkọ́ kan ṣoṣo, mi ò nílò ẹlẹ́rìí karùn-ún kí n tó dìde lọ bá ọ̀gá mi.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì kan náà, lẹ́nu tirẹ̀, pẹ̀lú déètì. Ohun tí wọ́n bá sì ti kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fa ìlà kan lé e tí ènìyàn ṣì lè kà á, ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i.

Ní England àti Wales, àjọ kan wà tí òfin 2004 gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní OIA, tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kò tẹ́ lọ́rùn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ máa gbìyànjú láti parí ẹ̀sùn nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ilé-ẹ̀kọ́ á fún ọmọ ní lẹ́tà pé ọ̀nà inú ilé ti parí, ọmọ sì ní oṣù méjìlá láti gbé e lọ síta. Lẹ́tà yẹn ni mo jí lò. Ní ìparí, mo máa ń kọ ohun tí a rí, ohun tí a ṣe àti ibi tí ọmọ tún lè lọ. Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, wà ní Nàìjíríà láti 1975, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kíka ọjọ́ lọ́dọ̀ wa ní wàhálà tirẹ̀: ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá. Ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ mi ní oṣù kìíní ọdún náà, olùkọ́ tó yẹ kó fèsì kò sí níbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Nítorí náà mo ní òpó ọjọ́ méjì: gbogbo ọjọ́ tó gbà, àti ọjọ́ tó gbà láìka ìyanṣẹ́lódì. Mo máa ń fi méjèèjì hàn. Gbogbo ọjọ́ tí ọmọ fi dúró ni mo máa ń fi ṣáájú.

Fáìlì tí ó gbọ́dọ̀ ní àgádágodo

Ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, fífọwọ́kan ọmọ lọ́nà àìtọ́, àìsàn, ọ̀rọ̀ ọpọlọ: wọn kì í wọ ìwé gbogbogbòò. Nínú ìwé gbogbogbòò, nọ́ńbà, déètì àti “fáìlì títì” nìkan lẹ máa kọ. Ìyókù wà nínú àpótí irin, orúkọ ẹni tó ṣí i, ọjọ́ àti wákàtí sì wà nínú ìwé kékeré tó so mọ́ ọn. Ẹni mẹ́ta péré ló ní ẹ̀tọ́ sí tiwa. Ọ̀gá kan bínú sí mi pé òun kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣì ń bínú.

Òfin náà ti wà báyìí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìdáàbòbo dátà Nàìjíríà. Dátà níbí ni àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ìbálòpọ̀ ènìyàn wà lára ohun tí òfin yìí ní kí a ṣọ́ lójú méjèèjì. Bí dátà bá jáde, tó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni ilé-ẹ̀kọ́ ní láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó òfin náà, láti ìgbà tó bá ti mọ̀. Mo ka èyí sétí akọ̀wé kan tó ya fọ́tò ojú-ìwé ẹ̀sùn wa sórí ẹgbẹ́ WhatsApp kó lè fi béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí Excel. Ó pa á rẹ́ kíá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀.

Bí oníròyìn tàbí ẹnikẹ́ni bá fi òfin 2011 tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìjọba béèrè fún àkọsílẹ̀ yín, ọjọ́ méje lẹ ní láti fèsì. Iye ẹ̀sùn lẹ lè fún un. Orúkọ àti fáìlì akẹ́kọ̀ọ́, rárá.

Ìròyìn fún ọ̀gá

Ẹ̀sùn márùn-ún gba ọjọ́ 2, 3, 3, 4 àti 88. Bẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ogún ọjọ́ ló máa jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ kankan nínú wọn tó dúró fún ogún ọjọ́. Ẹ tò wọ́n, ẹ mú èyí tó wà láàárín: ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ wá sọ̀rọ̀ ọmọ ọjọ́ 88 lọ́tọ̀, torí òun gan-an ni ìpàdé wà fún.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì A ní ẹ̀sùn 60, B ní 30. Ọ̀gá á kọjú sí A. Ṣùgbọ́n ọmọ 1,200 ló wà ní A, ọmọ 300 ló wà ní B. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni A, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni B. Inú B ni wàhálà wà.

Bí iye ẹ̀ka kan kò bá tó márùn-ún, mo máa ń kọ “ó kéré sí 5”, torí níbi tí obìnrin mẹ́ta péré bá wà nínú kíláàsì, “ẹ̀sùn kan látọ̀dọ̀ obìnrin” ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ. Bẹ́ ẹ bá sì ṣí ọ̀nà tuntun tí ọmọ lè gbà fẹjọ́ sùn, iye á lọ sókè. Ẹ kìlọ̀ fún ọ̀gá yín ṣáájú. Èmi ò kìlọ̀ nígbà tí a ṣí nọ́ńbà WhatsApp tiwa, wọ́n sì fẹ́ tì í pa lóṣù kejì.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, àbúrò mi tẹ̀ mí láago pé ìwé òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín kó tó kà á: “2025/0001. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀sùn kì í ṣílẹ̀kùn kí aago mẹ́wàá tó lù.” Mo bi í pé ta ló kọ sí òpó ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní “Ọ́fíìsì ẹ̀sùn” lòun kọ. Mo ní kó fa ìlà lé e, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.